Jean Dorat: olùkọ́ Gíríìkì tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹlòmíràn

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èdè Faransé ni mò ń kà ní yunifásítì. Nínú àwọn ìwé wa, ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ akéwì Ronsard ni wọ́n ti ń sọ pé Jean Dorat ló kọ́ ọ ní Gíríìkì, wọ́n sì tún ka Dorat mọ́ àwọn akéwì méje tí wọ́n ń pè ní Pléiade. Síbẹ̀ n kò rí ewì rẹ̀ kan ṣoṣo kà. Iṣẹ́ wo gan-an ni ọkùnrin yìí ṣe láyé? Ṣé olùkọ́ ni àbí akéwì? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ tí mo bá fẹ́ fi í ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Ìdí tí ẹ kò fi rí ewì rẹ̀ kò ṣòro. Látìn ni Dorat fi kọ èyí tó pọ̀ jù, ó fi Gíríìkì kọ òmíràn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà ní Faransé. Àwọn tó ń ṣe ìwé lítíréṣọ̀ Faransé fún ilé ẹ̀kọ́ kì í sì í ya sọ́dọ̀ ewì Látìn. Iṣẹ́ olùkọ́ tó ṣe ló ṣòro láti tọ ipasẹ̀ rẹ̀, torí pé ẹnu ló fi ṣe é. Ọkùnrin tó wà lára àwọn tó gbọ́ Gíríìkì jù ní ilẹ̀ Faransé láyé ìgbà náà kò tẹ ìwé àlàyé jáde lórí Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, kò sì tẹ àwọn eré oníṣe Aeschylus jáde lódindi. Ohun tó mọ̀ wà nínú ìwé àwọn tó kọ́. Ní ti olùkọ́ àbí akéwì, iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀: torí pé ó lè fi Gíríìkì kéwì ló ṣe ń mọ ibi tí ewì Gíríìkì ti bàjẹ́. Màá fi èyí hàn yín ní kíkún tí a bá dé ọ̀dọ̀ Aeschylus.

Limoges ni wọ́n bí i sí, ní 1508. Dinemandi ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Ó gbé e jù sílẹ̀, ó di Dorat, ó sì ń jẹ́ Auratus nínú ìwé Látìn. Ẹ fi Auratus sọ́kàn, torí pé òun ni ẹ ó máa bá pàdé nínú ìwé àtijọ́ àti nísàlẹ̀ ojú ewé Aeschylus títí di òní. Ní Paris, iṣẹ́ olùkọ́ inú ilé ló kọ́kọ́ gbé e dúró. Ní 1544 ó wà nílé Lazare de Baïf, ọlọ́lá kan tó ti ṣe aṣojú ọba ní Venice, tó sì ti túmọ̀ Electra ti Sophocles sí Faransé. Jean-Antoine ọmọ Lazare, tí wọ́n bí ní 1532, ni Dorat ń kọ́. Ibẹ̀ ni Ronsard ti wá bá wọn. Ọdún mẹ́jọ ni Ronsard fi ju ọmọ náà lọ, àìsàn sì ti ba etí rẹ̀ jẹ́ débi pé kò lè fojú sí iṣẹ́ ológun tàbí iṣẹ́ aṣojú ọba mọ́. Nígbà tí Lazare kú ní 1547, Dorat di ọ̀gá Collège de Coqueret, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan lórí òkè Sainte-Geneviève, àwọn méjèèjì sì tẹ̀ lé e lọ. Joachim du Bellay náà dara pọ̀ mọ́ wọn níbẹ̀.

Claude Binet, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Ronsard, sọ bí wọ́n ṣe ń kàwé. Ronsard á jókòó tì í títí di aago méjì tàbí mẹ́ta òru, á wá jí Jean-Antoine de Baïf, Baïf á gba àbẹ́là, kò sì ní jẹ́ kí àga ó tutù. Baïf tó kéré lọ́jọ́ orí ló mọ Gíríìkì jù, òun ló ń tú ibi tó bá ta kókó fún Ronsard. Ronsard náà á sì máa tọ́ ọ sọ́nà nínú ewì Faransé.

Ní ti kíláàsì fúnra rẹ̀, àwọn atẹ̀wé Paris nígbà náà a máa ṣe ìwé pẹlẹbẹ fún akẹ́kọ̀ọ́: ìpín kan nínú Homer tàbí eré oníṣe kan péré, pẹ̀lú àyè láàárín ìlà àti etí ìwé tó gbòòrò. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Olùkọ́ á ka ibì kan sókè, á sì túmọ̀ rẹ̀ sí Látìn lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ̀rọ̀ Látìn náà sórí ọ̀rọ̀ Gíríìkì nínú àyè àárín ìlà. Àlàyé gírámà á lọ sí etí ìwé, ìtàn àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìsì á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ á wá fi hàn wọ́n ibi tí Virgil tàbí Horace, àwọn akéwì Róòmù, ti mú nǹkan nínú ìlà tí wọ́n ń kà. Ibi ìkẹyìn yìí ni kíláàsì Dorat ti di ibi ìkọ́ṣẹ́ ewì. Ẹni tó bá ti rí bí Virgil ṣe mú ọ̀rọ̀ Homer tó sì sọ ọ́ di ti Róòmù á bi ara rẹ̀ pé ta ni yóò ṣe irú rẹ̀ fún èdè tòun. Ní 1549 ni du Bellay tẹ ìwé tó fi dáhùn ìbéèrè yẹn jáde, níbi tó ti gbèjà èdè Faransé. Binet tún ní Dorat mú Prometheus ti Aeschylus, ó sì kà á fún Ronsard tààrà ní Faransé láì dúró. Ronsard bi í pé kí ló dé tó fi ọrọ̀ báyìí pamọ́ fún òun láti ọjọ́ yìí.

Pindar, akéwì Gíríìkì àtijọ́, ni Ronsard kó wọ inú Faransé, nínú ìwé Odes tó tẹ̀ jáde ní 1550. Apá mẹ́ta mẹ́ta ni ewì Pindar máa ń ní: strophe, antistrophe àti epode. Àwọn méjì àkọ́kọ́ bá ara wọn dọ́gba ní sílébù sí sílébù, gígùn fún gígùn, kúkúrú fún kúkúrú. Epode a máa yàtọ̀. Odidi mẹ́ta náà á wá tún ara rẹ̀ ṣe títí ewì á fi parí. Èyí tí Ronsard kọ fún Michel de l'Hospital, tó jáde ní 1552, ní irú odidi mẹ́rìnlélógún, ìlà 816 lápapọ̀. Ẹ pín in, ìlà 34 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ni pé fáwẹ̀lì Faransé kò ní gígùn àti kúkúrú tó dúró sójú kan tí etí lè gbọ́ bíi ti Gíríìkì. Iye sílébù àti bí òpin ìlà ṣe ń dún jọra ni Ronsard fi rọ́pò rẹ̀. Lójú ìwé, ọgba ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kà á sókè, kò sẹ́ni tó máa rántí bí strophe ṣe lọ nígbà tí antistrophe bá dé. Kò pẹ́ tí Ronsard fúnra rẹ̀ fi pa irú ewì yìí tì.

Baïf ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1570, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ọba Charles Kẹsàn-án, òun àti Thibault de Courville tó jẹ́ olórin dá ẹgbẹ́ ewì àti orin sílẹ̀, wọ́n sì ń fi gígùn àti kúkúrú díwọ̀n Faransé bí ẹni pé Gíríìkì ni. Ó tilẹ̀ ṣe ọ̀nà ìkọ̀wé tuntun fún un. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ fi ìlù tí kò ní ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ pe oríkì. Orin tí wọ́n fi ṣe dùn, torí pé orin lè fa sílébù gùn bó bá ṣe wù ú. Ewì inú rẹ̀ kò dá dúró láìsí orin.

Ó kan Aeschylus, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n Dorat ti hàn jù. Eré méje péré nínú iṣẹ́ Aeschylus ló dé ọwọ́ wa lódindi, ìwé àfọwọ́kọ tó ṣe pàtàkì jù fún wọn, tó wà ní Florence, sì jẹ́ ti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹwàá. Ìwé yìí ti pàdánù ewé púpọ̀ ní ibi Agamemnon, ọ̀kan nínú àwọn eré náà. Torí náà, nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Aldus ní Venice kọ́kọ́ tẹ Aeschylus jáde ní 1518, Agamemnon já sáàárín, wọ́n sì lẹ ohun tó kù nínú eré tó tẹ̀ lé e mọ́ ọn bí ẹni pé eré kan ni. Ní 1552, ọ̀mọ̀wé Turnèbe tẹ tirẹ̀ ní Paris, Robortello tẹ tirẹ̀ ní Venice. Ó di 1557, nínú èyí tí Vettori ṣe tí Henri Estienne tẹ̀, kí Agamemnon tó jáde lódindi. Ẹ wo déètì wọ̀nyí dáadáa: ọdún wọ̀nyí gan-an ni Dorat ń kọ́ni. Ìwé tó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kún fún àṣìṣe, ìlà kan lè ṣàìní ìtumọ̀ rárá, kí olùkọ́ sì ṣàlàyé rẹ̀ ní àárọ̀ ọ̀la.

Báwo ni àṣìṣe ṣe ń wọlé? Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń kọ Gíríìkì láyé àtijọ́, láìfi àyè sáàárín ọ̀rọ̀. Α, Λ àti Δ jọra lójú tó ti rẹ̀. Λ méjì tó bá fara kan ara wọn, Μ ni ẹlòmíràn á kà á sí, kí ΑΛΛΑ, "ṣùgbọ́n", di ΑΜΑ, "pọ̀ mọ́". Lẹ́yìn náà, ẹnu àwọn ará Byzantium ti yí padà: η, ι, υ, ει àti οι ti di ohùn kan náà, "i". Adàwékọ tó ń pe ọ̀rọ̀ náà sínú bó ṣe ń kọ ọ́ á kọ èyíkéyìí nínú wọn. Ojú rẹ̀ sì tún lè fò láti orí ọ̀rọ̀ kan sí orí irú rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ohun tó wà láàárín wọn sọnù.

Bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe nìyí. Ẹ ó kọ́kọ́ díwọ̀n ìlà. Ìlà ọ̀rọ̀ sísọ nínú eré Gíríìkì ní ipò méjìlá, ipò kẹta, ìkeje àti ìkọkànlá sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kúkúrú. Tí ẹ bá rí sílébù gígùn ní ìkeje, nǹkan ti bàjẹ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀. ΑΛΛΑ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sílébù gígùn, ΑΜΑ pẹ̀lú kúkúrú. Ibi tí ìlà bá ti ń béèrè gígùn, ΑΜΑ kò lè dúró. Lẹ́yìn ìdíwọ̀n, ẹ ó wo lẹ́tà tó lè ti ṣi ojú tàbí etí lọ́nà, ẹ ó wá wo gírámà, kí ẹ sì béèrè bóyá Aeschylus a máa lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe tó dára ni èyí tó bá yí lẹ́tà tó kéré jù padà, tó mú ìwọ̀n ìlà bọ̀ sípò, tó sì fi hàn bí adàwékọ ṣe ṣìnà. Tí ìkẹyìn yìí bá ti sọnù, ẹ ti kúrò nídìí àtúnṣe, ẹ ti ń bá Aeschylus kọ ewì tuntun. Ẹni tí kò bá tíì fi Gíríìkì kọ ìlà rí á fi ìka ka ìwọ̀n náà, á sì rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ìlà kẹwàá. Dorat ń gbọ́ ọ létí. Gottfried Hermann, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ Aeschylus ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, gbé e lékè gbogbo àwọn tó ti tún Aeschylus ṣe.

Dorat kò tẹ àwọn àtúnṣe wọ̀nyí fúnra rẹ̀. Ó ń sọ wọ́n ní kíláàsì, àwọn ará Netherlands, Jámánì àti Faransé tó jókòó níbẹ̀ ń kọ wọ́n. Willem Canter, ọ̀kan nínú wọn, kó díẹ̀ nínú ohun tó gbọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1564, ó sì ṣe Aeschylus tó jáde ní Antwerp ní 1580. Canter dárúkọ olùkọ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni kò fi rọrùn láti sọ pé àtúnṣe báyìí jẹ́ ti Dorat tàbí ti ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ní 1556 ó gba àga olùkọ́ Gíríìkì ní Collège royal, èyí tí ọba François Kìíní dá sílẹ̀ ní 1530, tó ti di Collège de France lónìí. Kó tó gba ibẹ̀, ó ti kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá tó ń ṣe ìránṣẹ́ láàfin. Ẹ má fojú ilé ẹ̀kọ́ gíga òde òní wo Collège yìí. Kò ní ilé tirẹ̀. Yàrá àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ni wọ́n ti ń kọ́ni, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé fún un títí di 1610. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé gbọ́ ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àpò ọba ni owó olùkọ́ ti ń wá, owó náà sì máa ń pẹ́ kó tó dé, pàápàá nígbà tí ogun ẹ̀sìn gba ilẹ̀ náà kan. Ní 1567 ó fi àga náà sílẹ̀ fún Nicolas Goulu, ọkọ ọmọ rẹ̀ Madeleine. Ọba Charles Kẹsàn-án sì fi í ṣe akéwì ọba.

Iṣẹ́ akéwì ọba kọjá ìyìn kíkọ. Nígbà tí ọba àti olorì wọ Paris tayọ̀tayọ̀ ní oṣù kẹta 1571, Ronsard àti Dorat ló ronú ohun tí yóò wà lára àwọn ẹnubodè ayẹyẹ. Germain Pilon gbẹ́ ère, Niccolò dell'Abate kun àwòrán. Dorat ló pèsè ọ̀rọ̀ Gíríìkì àti Látìn tí wọ́n kọ sára wọn. Fún gbọ̀ngàn àsè olorì, ó fa àwòrán jáde láti inú ewì Nonnus lórí Dionysus, ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ ní Antwerp ní 1569. Ẹ rò ó wò: ọdún méjì péré lẹ́yìn tí ìwé Gíríìkì jáde, ó ti wà lára ògiri níwájú olorì. Ní 1573, àwọn aṣojú Pólándì wá fi adé ilẹ̀ wọn lọ àbúrò ọba, Catherine de Médicis, ìyá ọba, sì ṣe ijó ńlá fún wọn ní Tuileries, níbi tí obìnrin mẹ́rìndínlógún ti dúró fún àwọn ẹkùn ilẹ̀ Faransé. Dorat ló kọ ìwé ayẹyẹ náà ní Látìn, torí pé Látìn ni èdè tí àwọn àlejò náà fi lè bá àwọn onílé sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá ń jẹ lọ́wọ́ ọba á sọ ohun tí ọba fẹ́ gbọ́. Nígbà tí wọ́n pa àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní Paris ní oṣù kẹjọ 1572, Dorat wà lára àwọn akéwì tó fi Látìn yin ìpakúpa náà, tó sì fi òkú Coligny, ọ̀gágun àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ máa ń fo ibẹ̀. Ẹ má fò ó nínú iṣẹ́ yín.

Ẹ tún máa rí i níwájú ìwé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, níbi tí ewì Gíríìkì tàbí Látìn rẹ̀ kúkúrú ti ń ṣí ìwé náà. Ó lókìkí pẹ̀lú nínú títún lẹ́tà orúkọ tò. Ó sọ Petros Ronsardos di Sos o Terpandros, ìyẹn ni pé Terpander, akéwì Lesbos àtijọ́, ṣì wà láàyè. Ẹ ka lẹ́tà náà, r kan ṣẹ́ kù tí kò ríbi gbà. Kò sẹ́ni tó bínú.

Àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù nínú ẹ̀kọ́ ni bó ṣe ń ka Homer. Lójú rẹ̀, ìrìn Odysseus, akọni inú ewì Odyssey, jẹ́ ìrìn ọkàn tó ń wá ayọ̀ àti ọgbọ́n, Penelope ìyàwó rẹ̀ nílé ló sì dúró fún ohun tí ọkàn ń wá. Kò sí erékùṣù tàbí abàmì tí kò ní ìtumọ̀ tó fara sin. Joseph Scaliger, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì àti Látìn tó mọ ọgbọ́n rẹ̀ dáadáa, fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ó ti ń wá odidi Bíbélì nínú Homer. Scaliger kò purọ́. Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn jù ú nù: ọ̀nà yìí náà ló pèsè òrìṣà àti àmì fún ewì Ronsard àti fún ayẹyẹ 1571. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ kọ àlàyé yìí sílẹ̀ lórí Odyssey ìwé kẹwàá sí ìkejìlá. Ìwé náà wà ní ilé ìkàwé Ambrosiana ní Milan, Philip Ford sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2000 pẹ̀lú orúkọ Mythologicum.

Ó wá kan iṣẹ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ tún gbólóhùn Pléiade yẹn ṣe. Kò sí Dorat nínú orúkọ tí Ronsard tò ní àwọn ọdún 1550. Jacques Peletier ló wà níbẹ̀. Binet ló fi Dorat sí ipò yẹn nínú ìwé rẹ̀ ti 1586. Tí ẹ bá kọ ọ́ bí ìwé ilé ẹ̀kọ́ ṣe kọ ọ́, olùyẹ̀wò tó mọ̀ ọ́n á mú yín níbẹ̀. Ìtàn ìgbéyàwó rẹ̀ nígbà ogbó náà wà nínú gbogbo ìwé. Kò kan iṣẹ́ rẹ̀, ẹ fò ó.

Tí Látìn yín kò bá tó nǹkan, ẹ lo ewì Faransé rẹ̀ tí Marty-Laveaux kó jọ ní 1875, àti àwọn odes Látìn tí Geneviève Demerson tẹ̀ jáde ní 1979. Ìwé ewì rẹ̀ àtijọ́, Poematia, jáde ní 1586, ọdún méjì kó tó kú ní Paris. Ewì ọ̀pọ̀ ọdún ló wà nínú rẹ̀ papọ̀. Ẹ má fi 1586 ṣe ọjọ́ orí ewì kankan níbẹ̀. Ẹ wo ẹni tí ewì náà ń kí àti ìṣẹ̀lẹ̀ tó ń sọ, kí ẹ fi ìyẹn mọ ọdún rẹ̀. Nínú Mythologicum, tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó ṣì, ẹ kọ́kọ́ fura sí etí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré kọ ọ́ kí ẹ tó dá Dorat lẹ́bi.

Fún ìwé àṣekágbá oyè àkọ́kọ́, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti kọ nípa gbogbo ayé rẹ̀. Ẹ mú odidi kan ṣoṣo nínú ewì Michel de l'Hospital, ìlà 34, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ odidi kan nínú Pindar tó ní ìtumọ̀ Faransé lójú kejì. Ẹ sàmì sí ibi tí strophe àti antistrophe ti bára mu nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí Ronsard fi dípò gígùn àti kúkúrú sílẹ̀ ní ìlà sí ìlà, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ode Látìn kan tí Dorat fúnra rẹ̀ ṣe bíi ti Pindar nínú ìwé Demerson. Látìn ní gígùn àti kúkúrú. Ẹ ó rí ohun tí olùkọ́ lè ṣe tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe, èdè tí ọmọ náà yàn ló sì fà á.